Ohun Tí Bàbá Àgbà Rí Lára Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Bàbá Àgbà mi kì í kọ́kọ́ wo ojú ènìyàn. Ẹsẹ̀ ló máa ń wò. Bí àlejò bá ń wọ àgbàlá wa nísàlẹ̀ òkè ní Ìdáàṣà, láti ẹnu ọ̀nà ni Bàbá Àgbà ti ń wo bàtà rẹ̀. Á wo bí gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe jẹ, á wo ibi tí awọ rẹ̀ ti hunjọ, kó tó gbójú sókè dáhùn ìkíni. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ìgbéraga ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Aránbàtà ni, ó sì ti ń rán bàtà láti ìgbà tí òyìnbó Faransé ṣì ń pàṣẹ ní Dàhòmì.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló yàn láàyò. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, bínú sí i títí ó fi sú u, nítorí iwájú ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yẹn ni Bàbá Àgbà ti lè rí bàtà gbogbo ìjọ nígbà tí wọ́n bá tò lọ gba Ara Olúwa. Ó mọ ẹni tí ìbàdí ń dùn. Ó mọ ẹni tó yá bàtà ẹlẹ́bàtà wá sí Máàsì. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti máa wo bàtà nígbà àdúrà. Ó ní, "Ìyá mi," bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí, torí wọ́n bí mi kété lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, "ojú lè purọ́, ẹnu lè purọ́. Bàtà ò mọ irọ́ í pa."

N kò ní torí pé ó ti lọ kí n wá fi oyin kùn ún. Ọkùnrin líle ni. Òun àti àbúrò rẹ̀ jà nítorí ààlà oko kan lọ́nà Kpingni, wọn kò sì kí ara wọn fún ọdún méjì gbáko, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá sọ òkò láti ilé wa, ó lè ba òrùlé àbúrò náà. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí sálúbàtà àbúrò yìí bá já, ìyàwó rẹ̀ á gbé e sí ẹnu ọ̀nà wa láàárọ̀, á sì bá a ní rírán kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá Àgbà ní irú ìjà wo lèyí. Bàbá Àgbà já òwú ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ẹnu rẹ̀ ni èmi ń bá jà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣẹ̀ mí."

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ wa gba òmìnira. Ẹnu bàbá mi àti ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà náà ti sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí kò mọ̀ ju ohun tí gbogbo ọjà mọ̀.

Bàbá mi ń jẹ́ Fẹ́líìsì. Nígbà náà, olùkọ́ ọ̀dọ́ ni ní ilé ìwé kan lápá Soclogbo. Mẹ́tìrì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Ó ń fẹ́ Rosalí, àkọ́bí Bàbá Àgbà, ẹni tó wá di ìyá mi. Wọ́n ti ṣe ìdána, ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ló kù, wọ́n sì ti dá a sí ẹ̀yìn ìkórè iṣu.

Nítorí ọjọ́ náà ló ṣe ra bàtà tuntun kan lọ́wọ́ Alájì Sáfíù, oníṣòwò kan tó ní ìsọ̀ ní ọjà Ìdáàṣà. Bàtà gíga tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni. Awọ rẹ̀ kì í ṣe awọ dídán. Ó ní irun kíkúrú múlọ́múlọ́ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Dẹ́ẹ̀n ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é. Kò sí ẹlòmíràn ládùúgbò wa tó ní irú rẹ̀. Àléébù kan ló ní: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí òkúta, òkúta sì ni gbogbo ọ̀nà wa. Fẹ́líìsì gbé e wá fún àna rẹ̀. Bàbá Àgbà gé rọ́bà ẹsẹ̀ mọ́tò, ó sì fi ìṣó kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Fẹ́líìsì padà dé, inú rẹ̀ kò dùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nǹkan yìí."

Bàtà ọ̀tún kò ní wàhálà. Ó hunjọ díẹ̀ níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti máa ń tẹ̀, bí ti bàtà gbogbo. Ti òsì ló ṣe bákan. Níbi tí ó ti yẹ kó tẹ̀, ó jọ̀lọ̀ bí ẹni pé wọn kò wọ̀ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ìta, nítòsí ọrùn ẹsẹ̀, ìhunjọ ńlá kan gba ara rẹ̀ kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí irun awọ ibẹ̀ ti ń pá. Imú bàtà náà sì ti họ, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀.

Bàbá Àgbà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Báwo lo ṣe ń rìn?"

"Bí mo ṣe máa ń rìn náà ni, Bàbá."

Kò bi í ní ohun mìíràn. Ó gbé omi kaná, ó sì na bàtà náà sórí ooru omi títí awọ rẹ̀ fi rọ̀. Kò jẹ́ kí omi gan-an kàn án, nítorí omi a máa fi àbàwọ́n sí irú awọ bẹ́ẹ̀. Ó ki àkísà gbígbẹ sínú rẹ̀ títí ó fi kún bámúbámú, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìhunjọ náà díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé e sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó fi bùrọ́ọ̀sì gbígbẹ ya irun rẹ̀ sókè. Nígbà tí Fẹ́líìsì wá gbà á, kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí ó ti hunjọ. Ó dúpẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Awọ ni mo tún ṣe. N kò tún ìrìn ṣe o."

Ọjọ́ mẹ́wàá kò pé tí ìhunjọ náà fi padà, ní ojú ibì kan náà, ó sì jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fẹ́líìsì kò wá sọ́dọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ ọjà ni. Ó wọ sálúbàtà, ó gbé bàtà méjèèjì lọ́wọ́, ó sì gba ìsọ̀ Alájì lọ.

"Alájì, ayédèrú lẹ tà fún mi!"

"Ta ló ta ayédèrú?" Alájì ti dìde. "Èmi tí mo ti ń tajà níbí kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ! Mẹ́fà irú bàtà yìí ni mo gbé wá láti Kútọnu. Àwọn márùn-ún yòókù ò sunkún. Ìwọ nìkan ni?"

"Ẹ wò ó fúnra yín! Bàtà tí kò tíì lo oṣù méjì!"

"Mẹ́tìrì, má bà mí lórúkọ jẹ́ láàárín ọjà. Má bà mí lórúkọ jẹ́!"

Àwọn ènìyàn ti yí wọn ká. Ẹnì kan ní kí wọ́n pe àwọn ọlọ́pàá jàndáámù. Alájì ní kí wọ́n pè wọ́n, òun kò sá. Ó fi ọwọ́ lu àyà, ó ní bí bàtà yẹn bá ní àléébù, kí òun má rí ìsọ̀ yìí ṣí lọ́la. Obìnrin kan tó ń ta gaàrí ló wá ké pé, "Ẹ ti ń pariwo jù! Aránbàtà ò ha wà nílùú ni? Ẹ lọ pè é wá."

Wọ́n lọ pe Bàbá Àgbà. Nígbà tó dé, ọ̀nà là fún un. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àna rẹ̀ ni Mẹ́tìrì. Alájì fúnra rẹ̀ ló gbé bàtà náà lé e lọ́wọ́.

"Àna rẹ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ń gbọ́ wa. Ṣé ọjà mi ni kò dára ni, àbí ẹsẹ̀ rẹ̀?"

Ẹ̀fẹ̀ ni Alájì fi èyí tó kẹ́yìn ṣe. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ki ọwọ́ bọ inú bàtà òsì.

Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ni ẹnu ìṣó. Ọ̀kan nínú àwọn ìṣó tí òun fúnra rẹ̀ kàn ni. Ó ti gún ìsàlẹ̀ bàtà já, ó yọ sókè nínú bàtà bí ẹyọ ìrẹsì kan. Aṣọ tó wà yí i ká ti gan, ó le gbagidi. Ó yọ ọwọ́, ó wo ìka rẹ̀, ó sì tètè pa á mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ni. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ kan.

Ó sún mọ́ Fẹ́líìsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mẹ́tìrì, ṣé bàtà yìí ń gún ọ?"

"Rárá, Bàbá. Ti gígún kọ́. Inú rẹ̀ rọ̀ bí òwú."

Bàbá mi sọ fún mi pé òógùn bo òkè ètè àgbàlagbà náà lójú òun. Ó rò pé ẹ̀rù Alájì ló ń bà á.

"Sọ̀rọ̀!" ni Alájì wí. "Gbogbo ayé ń dúró."

Ọ̀nà méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Bó bá ní ọjà Alájì ni kò dára, irọ́ ni, yóò sì ba òwò ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Bó bá ní bàtà dára, ẹsẹ̀ ló kù, gbogbo ọjà á sì wo ẹsẹ̀ náà. Bàbá Àgbà na bàtà sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Bàtà Alájì dára," ló wí. "Ẹsẹ̀ Mẹ́tìrì náà dára. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo kan ìṣó síbi tí kò yẹ, òun ló fa awọ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Ẹ̀rín bú láàárín ọjà. Alájì pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o! Ẹ bá mi jẹ́rìí!" Bàbá Àgbà há bàtà méjèèjì sí abíyá. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fẹ́líìsì, ó ní, "Wá lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì. Ìwọ nìkan."

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, ó ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣí fèrèsé nìkan fún ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí Fẹ́líìsì jókòó, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó sì di ojú.

"Bí mo bá ti fọwọ́ kàn ọ́, kí o sọ."

Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ ìránbàtà kan ẹsẹ̀ ọ̀tún. "Ẹ ti kàn mí, Bàbá." Ó kàn án níbòmíràn. "Ẹ tún ti kàn mí." Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́.

Fẹ́líìsì ní, "Bàbá, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ti òsì ni?"

"Ṣíjú."

Ẹnu abẹ́rẹ́ náà wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó ti wọlé díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ojú egbò kan wà tó là sílẹ̀ bí ẹnu ẹja. Fẹ́líìsì ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó rò pé òkúta ló ń họ òun.

"Ṣé ojú ibì kan wà lára rẹ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí kì í yún ọ?"

Fẹ́líìsì ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó wà ní ìgbọ̀nwọ́. Ìfo ló máa ń pè é.

Àwọn méjèèjì kò dárúkọ àìsàn náà. Bàbá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ rí.

"Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Lọ́jọ́ kan ó ń se ọbẹ̀, ó sì tẹ ẹyin iná. Kò mọ̀. Òórùn ẹran jíjóná ló jẹ́ kí a mọ̀. Wọ́n kọ́ ahéré kan fún un lẹ́yìn òkè, wọ́n ní kó máa gbé ibẹ̀. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ. Mo máa ń gbé e sórí òkúta, mo sì máa ń sáré padà. Ó máa ń pe orúkọ mi, n kì í dúró. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, oúnjẹ àná ṣì wà lórí òkúta."

Fẹ́líìsì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó bínú; ó sọ fún mi pé ìbínú nìkan ló kù lọ́wọ́ òun nígbà náà. "Ẹ ò fẹ́ fún mi lọ́mọ yín mọ́. Ẹ sọ ọ́ jáde!"

"Mo fẹ́ fún ọ. Kí lo rò pé mo torí ẹ̀ parọ́ lọ́jà?" Bàbá Àgbà dìde. "Nígbà ti ẹ̀gbọ́n mi, kò sí oògùn. Ó ti wà báyìí. Ilé ìwòsàn àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ wa ń fúnni. Ìwọ yóò lọ gbà á. Ìwọ yóò sì sọ fún Rosalí. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́, fún un tàbí fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní wọ ilé rẹ láìmọ̀. Títí ìgbà náà, kò sí ìgbéyàwó."

Fẹ́líìsì gba ọ̀nà Soclogbo lọ láìdágbére. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀.

Ẹ wo ilé wa láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Àwọn ènìyàn ti ń gbé bàtà wọn kọjá ẹnu ọ̀nà Bàbá Àgbà lọ fún ọmọkùnrin kan tó ń rán bàtà ní Glazoué, nítorí ta ni yóò gbé bàtà fún ẹni tó jẹ́wọ́ lójú ọjà pé òun ò mọ ìṣó kàn mọ́? Ní alẹ́ Ìsinmi náà ló sọ fún Ìyá Àgbà pé òun ti sún ìgbéyàwó síwájú.

"Nítorí kí ni?"

Ó kọjú sí ògiri.

"Bàbá Rosalí, nítorí kí ni? Iṣu ti wà nínú abà. Ẹlẹ́dẹ̀ ti wà nílẹ̀. Àwọn ará ilé mi ti ń múra. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ba bàtà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ojú wá ń tì yín, ẹ fẹ́ fi ìyẹn ba ayé ọmọ tiyín náà jẹ́!"

Ìyá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀ fún òun. Bàbá Àgbà kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó ni ín, Rosalí. Èmi kọ́." Ìyá mi kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ láìwí nǹkan kan, bí ẹni gbé e fún àjèjì.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé kì í lọ sí kíláàsì nígbà náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé tí Fẹ́líìsì kò wá, Bàbá Àgbà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ lọ sí Soclogbo. Fẹ́líìsì rí i láti ojú fèrèsé, ó sì há ilẹ̀kùn mọ́rí. Bàbá Àgbà kò kan ilẹ̀kùn. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, ó tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán sálúbàtà fún àwọn aládùúgbò. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ padà sílé. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì ó tún lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń béèrè lọ́wọ́ Fẹ́líìsì ìdí tí kò fi kí àna rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì náà ti wú. Bàbá mi ní òun máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun á máa gbọ́ ìró òòlù rẹ̀, òun á máa gbàdúrà pé kí àgbàlagbà náà kú sójú ọ̀nà. Ó sọ èyí fún mi pẹ̀lú omi lójú.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ó ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ ń wá?"

Bàbá Àgbà kò gbójú sókè kúrò lára bàtà tó ń rán. Ó ní, "Mo ti sáré padà nígbà kan. N kò tún sáré mọ́."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn náà, Fẹ́líìsì lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, àgbàlagbà náà ló ń wa á. Dòtóò wo ẹsẹ̀, ó wo ìgbọ̀nwọ́, ó sì ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, gígé ni wọn ì bá gé ẹsẹ̀ náà. Ó fún un ní oògùn oníhóró tí yóò máa lò fún ọdún pípẹ́, ó ní bó bá ń lò ó, kò ní ran ẹnikẹ́ni. Ó tún sọ pé ẹsẹ̀ tó ti kú lè má mọ nǹkan lára mọ́ láéláé; kó máa fi ojú ṣọ́ ọ, níwọ̀n ìgbà tí ara kò lè ṣọ́ ọ.

Sísọ fún Rosalí ló le jù. Ó bá a lóko, níbi tó ti ń já ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Ó sọ ọ́ ní ìdúró, ó dúró jìnnà bí ẹni tó fẹ́ sá. Ìyá mi dá ẹ̀wà jíjá dúró. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló tún mọ̀?"

"Bàbá yín nìkan."

Ìyá mi jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀wà, ó sì sunkún. Ó sọ fún mi pé kì í ṣe nítorí Fẹ́líìsì lòun fi sunkún nígbà náà. Nítorí oúnjẹ tí òun ti ń gbé kalẹ̀ fún bàbá òun láìwí nǹkan ni. Nígbà tí ẹkún náà tán, ó nu ojú. Ó ní, "Gbé ẹsẹ̀ náà wá, kí n wò ó."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́ta náà ló pinnu pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dé etí kẹrin. Bó bá dé etí ẹnì kan ṣoṣo nílùú, kò ní sí òbí tí yóò fi ọmọ sí kíláàsì Mẹ́tìrì. Ìyá Àgbà kò sì lè pa ọ̀rọ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, ní ọdọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, Bàbá Àgbà máa ń ṣe bàtà tuntun kan fún bàbá mi. Kò sí ìṣó kankan nínú rẹ̀. Òwú ló fi ń rán gbogbo rẹ̀, ó sì máa ń tẹ́ awọ àgùntàn sínú ti òsì. Kó tó gbé e fún un, á ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, á fi ìka wá gbogbo igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo máa ń wò ó nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan kò ha tó ni. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí ò lè pè mí. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò."

Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó sinmi lórí bàtà wọ̀nyẹn. "Ẹ tún ń bẹ Mẹ́tìrì ni? Ẹ bẹ̀ ẹ́ títí, ẹni tó ba bàtà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́!" Bí wọ́n bá ti ní gbólóhùn asọ̀, bó jẹ́ ti iyọ̀, bó jẹ́ ti ewúrẹ́, ibi tí yóò parí sí nìyẹn: ọjọ́ tí ó dójú tì wọ́n lọ́jà, ọdún tí wọ́n ń pe Rosalí ní ìyàwó tí wọ́n dá padà, àwọn ẹsẹ̀ tó kọjá lọ sí Glazoué. Àwọn oníbàtà padà wá nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Mo máa ń wo Bàbá Àgbà nígbà tí Ìyá Àgbà bá ń bú u bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí kò kí àbúrò rẹ̀ fún ọdún méjì nítorí ààlà oko, kò ní dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn. Á kàn tẹ orí mọ́ iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tó fèsì. Ó ní, "Òótọ́ lo wí, Ìyá Rosalí. Ìṣó mi ni."

Ó kú lọ́dún tí bàbá mi fẹ̀yìn tì. Ó sùn, kò jí. Gbogbo òkè wá sin ín, Alájì náà wá, ó ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́. Nígbà tí àlùfáà ti ṣe tirẹ̀, tí wọ́n sì ti bo ilẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní kí àna sọ̀rọ̀. Bàbá mi jáde síwájú. Ó wo ìyá mi. Ìyá mi mi orí sí i pé kó sọ ọ́. Ó bá tẹríba, ó tú okùn bàtà òsì, ó bọ́ ọ, ó sì gbé ẹsẹ̀ ìhòòhò náà lé orí òkúta, níbi tí gbogbo wa ti lè rí i, pẹ̀lú àpá àtijọ́ àti àwọn ọmọ ìka tó ti ká wọlé.

Ó dárúkọ àìsàn náà: ẹ̀tẹ̀. Mo rí àwọn kan tó fà sẹ́yìn. Ó sọ ti ọjà, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ inú bàtà, ó sọ ti Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta. Ó ní, "Ìhunjọ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ni. Ó rí i, ó sì gbé e sí ara tirẹ̀." Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń pè é léraléra.  Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí tí wọ́n gbé fún un, ó gbá ọwọ́ méjèèjì mú láàárín eékún.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ti túká lọ jẹun, mo wá Ìyá Àgbà. Mo bá a nínú yàrá iṣẹ́ Bàbá Àgbà, nídìí fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ pa àwọn irinṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ṣé o mọ iye ìgbà tí mo bú u?"

Ó gbé òòlù kan, ó sì dá a padà.

"Ó sì jẹ́ kí n máa bú òun." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ó kàn jẹ́ kí n máa bú òun."

 Lẹ́yìn náà, obìnrin tí n kò rí kó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ rí yìí di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó rọra kúnlẹ̀ níwájú àga kékeré tí Bàbá Àgbà máa ń jókòó sí, ó sì wí pé, "Bàbá Rosalí, ẹ kú iṣẹ́."